Ohùn Ta Ni? Orin àti Orúkọ nínú Fíìmù Ìpànìyàn Jawani Ki Hawa (1935)

Àṣamọ̀

Jawani Ki Hawa, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ‘Afẹ́fẹ́ Ìgbà Èwe’, ni fíìmù àkọ́kọ́ tí ilé-iṣẹ́ Bombay Talkies gbé jáde ní ọdún 1935. Ìtàn ìpànìyàn tó wáyé nínú ọkọ̀ ojú irin ni, èdè Hindustani ni wọ́n sì fi ṣe é. Devika Rani tó kópa gbòógì nínú rẹ̀ ni àwọn òǹkọ̀tàn sinimá sábà máa ń ránnu mọ́. Àpilẹ̀kọ yìí gbé ojú kúrò lára òṣèré náà, ó sì gbé e lé orin fíìmù ọ̀hún àti obìnrin tó ṣẹ̀dá rẹ̀, Khorshed Minocher-Homji, ẹni tí ayé wá mọ̀ sí Saraswati Devi. Àlàyé tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé pàtàkì fíìmù náà nínú ìtàn kò sí nínú àdììtú ikú tó wà nínú rẹ̀ nìkan. Ó wà nínú àdììtú mìíràn tó bí: ta ló ni ohùn tí òǹwòran ń gbọ́, orúkọ wo sì ni a óò kọ sí ara orin? Ìbéèrè yìí kò rí ìdáhùn tó tẹ́rùn títí di ọdún 1959.

1.0 Ìfáárà

Orí ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìtàn ìpànìyàn dúró lé: ta ló ṣe é? Ẹnì kan kú, ẹ̀rí fọ́n káàkiri, ẹni gbogbo tó wà nítòsí sì di afurasí. Iṣẹ́ òǹkọ̀wé ni láti fi ìdáhùn pamọ́ títí di ìgbà tí ara òǹwòran kò ní í gbà á mọ́. Nítorí náà, eré bẹ́ẹ̀ máa ń sáré ni. Kì í fẹ́ ohun tí yóò dá a dúró lọ́nà.

Sinimá ilẹ̀ Íńdíà kò mọ irú eré sísá bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti wo sinimá Íńdíà rí mọ̀ pé orin kì í ṣe àlejò nínú rẹ̀, onílé ni. Bí ìtàn ti le tó, bí ewu ti súnmọ́ tó, àwọn ẹ̀dá-ìtàn yóò rí àyè kọrin. Ó yẹ kí a béèrè nígbà náà pé kí ló ṣẹlẹ̀ nígbà tí ilé-iṣẹ́ tuntun kan ní Bombay (ìlú tí orúkọ rẹ̀ di Mumbai ní 1995) pinnu pé ìtàn ìpànìyàn, tí orin kún inú rẹ̀, ni òun yóò fi ṣí ilẹ̀kùn òun fún ayé.

Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí gba orí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni ìtàn ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Èkejì ni ipò tí orin àti àwọn obìnrin olórin wà nínú sinimá Hindustani ṣáájú 1935. Ẹ̀kẹta, èyí tó ṣe kókó jù, ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ṣẹ̀dá orin náà, tí wọ́n fi ní láti sọ orúkọ àbísọ rẹ̀ nù kí iṣẹ́ rẹ̀ tó lè jáde. Àwọn Yorùbá ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nínú ìtàn yìí, ilé ni àwọn ènìyàn wò tí wọ́n fi pa orúkọ ọmọ dà.

2.0 Bombay Talkies àti fíìmù inú ọkọ̀ ojú irin

Himanshu Rai, ọmọ Bengal tó ti kẹ́kọ̀ọ́ òfin, ni olórí olùdásílẹ̀ Bombay Talkies. Kí ó tó dé Bombay, ó ti bá àwọn ará Jámánì ṣiṣẹ́ pọ̀ fún ọdún bíi mélòó kan. Fíìmù mẹ́ta aláìlóhùn ni ó bá Franz Osten, olùdarí sinimá tó wá láti ìlú Munich, ṣe: Prem Sanyas ní 1925, Shiraz ní 1928 àti Prapancha Pash ní 1929. Ní 1929 kan náà ni ó fẹ́ Devika Rani, ọ̀dọ́bìnrin tó wá láti inú ẹbí Rabindranath Tagore tó sì ti kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn méjèèjì jọ ṣe Karma, tó jáde ní 1933 ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Hindustani. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n padà sí Íńdíà, tí wọ́n sì dá Bombay Talkies sílẹ̀ ní 1934 ní Malad, tó jẹ́ ìgbèríko Bombay nígbà náà.

Ilé-iṣẹ́ yìí yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ sinimá àkókò rẹ̀. Kì í ṣe okòwò ẹbí kan. Ó ní oníìpín, ó sì ní ìgbìmọ̀ olùdarí tí àwọn gbajúmọ̀ oníṣòwò ìlú jókòó sí. Rai fẹ́ kí àwọn tó kàwé, tí wọ́n wá láti ilé tí àwùjọ ń bọlá fún, máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí ẹ̀gàn tó wà lára iṣẹ́ sinimá lè kúrò. Ó kó àwọn onímọ̀ iṣẹ́ láti Yúróòpù wá pẹ̀lú: Osten di olùdarí fíìmù, Josef Wirsching sì di ayàwòrán. Niranjan Pal, ọmọ Bipin Chandra Pal tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ajìjàgbara ilẹ̀ Íńdíà, ni ó ń kọ ìtàn fún wọn.

Ìtàn Jawani Ki Hawa kò ṣòro láti sọ. Kamala, tí Devika Rani ṣe ipò rẹ̀, sá kúrò nílé ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fi í fún ọkọ tí kò yàn fúnra rẹ̀. Ratanlal, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, tí Najam-ul-Hassan ṣe ipò rẹ̀, ni ó bá lọ. Wọ́n lé wọn. Inú ọkọ̀ ojú irin ni ọ̀pọ̀ nínú eré náà ti wáyé, ibẹ̀ náà ni ikú sì ti wọ inú ìtàn.

Ọkọ̀ ojú irin jẹ́ ibi tó bá ìtàn ìpànìyàn mu. Bó bá ti gbéra, ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò lè bọ́ sílẹ̀; afurasí àti aláìṣẹ̀ jọ jókòó ni. Ó tún jẹ́ ibi tí ọlọ́rọ̀ àti tálákà, ọkùnrin àti obìnrin, ẹlẹ́sìn kan àti ẹlẹ́sìn kejì ti ń fara kanra ní Íńdíà ìgbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà níbẹ̀. Ní 1931, nígbà tí wọ́n ń ṣe Alam Ara, fíìmù àkọ́kọ́ tó ń sọ̀rọ̀ ní Íńdíà, ariwo ọkọ̀ ojú irin ni ọ̀tá tó le jù fún àwọn òṣìṣẹ́, nítorí pé ojú irin wà lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń yàwòrán. Òru ni wọ́n fi máa ń ṣiṣẹ́, nígbà tí ọkọ̀ bá dákẹ́. Kò ju ọdún mẹ́rin lọ lẹ́yìn náà tí ọkọ̀ ojú irin kan náà di ojú agbo eré. Ìyípadà yìí fi hàn bí agbára àwọn oníṣẹ́ ohùn ti pọ̀ sí i tó láàárín àkókò kúkúrú.

Ó yẹ kí a mẹ́nu ba ìṣẹ̀lẹ̀ kan tó mú kí ìtàn fíìmù náà dà bí àsọtẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń ṣe fíìmù Jeevan Naiya tó jáde ní 1936, Devika Rani àti Najam-ul-Hassan sá lọ pọ̀ ní tòótọ́. Wọ́n rọ Devika Rani títí ó fi padà sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Najam-ul-Hassan pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìfọ-fíìmù. Ashok Kumar ni orúkọ rẹ̀, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn òṣèré tó gbajúmọ̀ jù ní Íńdíà.

3.0 Orin àti àwọn obìnrin olórin ṣáájú 1935

Kì í ṣe sinimá ló bí orin inú sinimá. Láti àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni àwọn Parsi ti ń ṣe tíátà ní Bombay. Àwọn Parsi ni ọmọlẹ́yìn Zoroaster tí àwọn baba ńlá wọn ti ilẹ̀ Páṣíà wá sí Íńdíà. Tíátà wọn da ìtàn ìbílẹ̀ Páṣíà, ìtàn Íńdíà àti eré Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ orin àti ijó, èdè Gujarati àti Urdu ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Nígbà tí ohùn dé sinimá, tíátà yìí ni sinimá ti yá orin. Ardeshir Irani, ẹni tó ṣe Alam Ara, jẹ́ Parsi. Gbọ̀ngàn Majestic ní Bombay ni fíìmù náà ti kọ́kọ́ jáde ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 1931, orin méje ló sì wà nínú rẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni Indra Sabha jáde, tí orin inú rẹ̀ tó àádọ́rin. Bí ọ̀rọ̀ ti rí nìyí tí ẹnikẹ́ni kò fi lè ronú pé fíìmù ìpànìyàn kan yóò jáde láìní orin.

Bí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀ nígbà náà kò rọrùn. Àwòrán àti ohùn ni wọ́n ń gbà papọ̀. Òṣèré ní láti máa kọrin bó ti ń ṣeré. Àwọn onílù àti olóhùn-èlò a sá pamọ́ sí ibi tí kámẹ́rà kò lè rí wọn, wọ́n á sì tún súnmọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó kí ohùn wọn lè wọlé. Bí ẹnì kan bá ṣe àṣìṣe, gbogbo wọn yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí kò lè kọrin kò lè rí ipò ńlá gbà, bó ti wù kí ó rẹwà tó.

Àwọn obìnrin tó mọ orin nígbà náà ni àwọn tí wọ́n ń pè ní tawaif. Olórin àti oníjó ni wọ́n, tí wọ́n ti ń ṣeré láàfin ọba àti nílé ọlọ́rọ̀ láti ìgbà pípẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú ìmọ̀ orin ìbílẹ̀ àríwá Íńdíà ni ó wà lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ní ìgbẹ̀yìn ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn alátùn-únṣe ìwà láàárín àwọn ọmọ Íńdíà fi wọ́n gún mọ́ aṣẹ́wó, wọ́n sì sọ iṣẹ́ wọn di ohun ìtìjú. Síbẹ̀, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ fi ìgboyà wọ inú ayé ẹ̀rọ. Ní 1902, nígbà tí ilé-iṣẹ́ giramafóònù wá gba orin sílẹ̀ ní Calcutta, Gauhar Jan ni gbajúmọ̀ tó kọrin fún wọn. Ní òpin orin, ó máa ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kígbe orúkọ ara rẹ̀. Ìdí ni pé Hanover ní Jámánì ni wọ́n ti ń tẹ àwo náà jáde, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sì ní láti mọ orúkọ tí wọn yóò kọ sí i lára. Obìnrin tí àwùjọ kò ka sí ọmọlúwàbí ni ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ẹni tí ohùn jẹ́. Ó dára kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà yàtọ̀ sí i pátápátá.

4.0 Bí Khorshed ṣe di Saraswati Devi

Ọdún 1912 ni wọ́n bí Khorshed Minocher-Homji sí ìdílé Parsi. Ó fẹ́ràn orin láti kékeré, ó sì di akẹ́kọ̀ọ́ Vishnu Narayan Bhatkhande. Agbẹjọ́rò ni Bhatkhande kí ó tó fi iṣẹ́ òfin sílẹ̀ fún orin. Ó rin ìrìn-àjò káàkiri Íńdíà, ó kó orin jọ láti ẹnu àwọn àgbà olórin, ó ṣètò rẹ̀ sí ìsọ̀rí mẹ́wàá, ó sì gbé àmì-orin kalẹ̀ tí ènìyàn lè kọ sínú ìwé kí ẹlòmíràn sì kà. Ní 1926, wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì orin kan sílẹ̀ ní Lucknow, tí wọ́n ń pè ní Marris College, láti fi ètò rẹ̀ kọ́ni. Khorshed kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ètò Bhatkhande ní ẹ̀yìn tó nípọn ju bí ojú ti ń rí i lọ. Ìmọ̀ tó jẹ́ ti àwọn ìdílé olórin àti ti àwọn tawaif tẹ́lẹ̀ ni ó di ohun tí ọmọbìnrin ilé rere lè kọ́ ní kíláàsì, tí ó sì lè gba ìwé-ẹ̀rí lé lórí. Ọ̀nà yìí ni orin gbà di ohun iyì fún àwọn tó kàwé. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà ti àwọn tó ni ín tẹ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Nígbà tí rédíò bẹ̀rẹ̀ ní Bombay ní 1927, Khorshed àti àwọn arábìnrin rẹ̀ di ẹni tí wọ́n ń gbọ́ orin wọn lórí afẹ́fẹ́. Rédíò kò fi ojú ẹni hàn. Ọmọbìnrin lè kọrin níbẹ̀ kí orúkọ ẹbí rẹ̀ má sì bàjẹ́. Himanshu Rai mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ní kí ó wá máa ṣe olórí ẹ̀ka orin ní Bombay Talkies. Ó gbà. Àbúrò rẹ̀ Manek náà wọ ilé-iṣẹ́ ọ̀hún gẹ́gẹ́ bí òṣèré.

Ìgbà náà ni ìjà dé. Àwọn aṣáájú nínú àwùjọ Parsi kò fara mọ́ ọn pé kí ọmọbìnrin wọn méjì ṣiṣẹ́ nínú sinimá. Wọ́n fi ẹ̀hónú hàn nígbà tí Jawani Ki Hawa fẹ́ jáde. Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn olówó tó ni ilé-iṣẹ́, nítorí pé àwọn Parsi kan wà nínú ìgbìmọ̀ olùdarí. Ohun tó ya ènìyàn lẹ́nu ni pé àwọn Parsi gan-an ló pọ̀ jù nínú àwọn tó fi tíátà àti sinimá là ní Bombay. Irani tó ṣe Alam Ara, àwọn ọmọ Madan tó ni gbọ̀ngàn sinimá káàkiri ilẹ̀ náà, àti àwọn ọmọ Wadia tí wọ́n ń ṣe fíìmù onígboyà, Parsi ni gbogbo wọn. Nípa bẹ́ẹ̀, owó sinimá kò ní àbùkù lọ́wọ́ ọkùnrin, ṣùgbọ́n iṣẹ́ sinimá ní àbùkù lára obìnrin.

Ọ̀nà àbáyọ tí wọ́n rí ni orúkọ. Khorshed di Saraswati Devi, Manek sì di Chandraprabha. Orúkọ tuntun méjèèjì kì í ṣe ti Parsi rárá. Saraswati ni òrìṣà orin àti ìmọ̀ nínú ẹ̀sìn Hindu. Devi sì jẹ́ ọ̀rọ̀ àpọ́nlé fún obìnrin. Ẹni tó bá kà á lójú pátákó kò lè mọ̀ pé ọmọ Zoroaster ló jẹ́ orúkọ náà. Ẹbí bọ́ lọ́wọ́ ìtìjú, ilé-iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀hónú, orin sì jáde. Ṣùgbọ́n orúkọ tí baba sọ ọmọ ni owó tí wọ́n san.

A kò gbọdọ̀ rò pé ohun tó sọnù nìkan ló wà níbẹ̀. Orúkọ òrìṣà orin jẹ́ orúkọ ńlá. Ó sọ fún àwùjọ pé obìnrin tó ń ṣe orin yìí kì í ṣe ẹni tí wọn yóò fi ojú tẹ́ḿbẹ́lú wò. Ìbòjú ni, adé sì ni. Láàárín ìbòjú àti adé yìí ni ó ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òun ló ṣe orin Achhut Kannya (1936), níbi tí Ashok Kumar àti Devika Rani ti fi ẹnu ara wọn kọrin. Àwọn méjèèjì kì í ṣe akọrin tó ní ohùn tó lọ jìnnà. Nítorí náà ó dá ohùn orin tó rọrùn, tí kò gòkè jù tí kò sì sọ̀kalẹ̀ jù, fún wọn. Ohun tó jẹ́ àìlera òṣèré ló sọ di ẹwà, nítorí pé orin tí òṣèré náà lè kọ ni ará ìlú náà lè kọ. Ó tún ṣe orin Kangan (1939) àti Jhoola (1941), ó sì bá ẹlòmíràn pín iṣẹ́ orin Bandhan (1940).

Wọ́n sábà máa ń pè é ní obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣẹ̀dá orin fíìmù ní Íńdíà. Gbólóhùn yìí yẹ fún àyẹ̀wò. Ishrat Sultana ti ṣe orin Adl-e-Jehangir ní 1934. Jaddan Bai, ìyá òṣèré Nargis, ṣe orin Talash-e-Haq ní 1935 kan náà. Inú àṣà àwọn tawaif ni Jaddan Bai ti jáde wá, ìdílé olórin sì ni Ishrat Sultana. Bí a bá fi ọjọ́ orí kàlẹ́ńdà nìkan ṣe ìdíwọ̀n, oyè ‘àkọ́kọ́’ kò lè jẹ́ ti Saraswati Devi. Ohun tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an ni pé ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣíwájú tó gba ipò náà gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ojoojúmọ́ ní ilé-iṣẹ́ ńlá, tí ó sì wà níbẹ̀ láti fíìmù kan dé òmíràn. Bí àwọn òǹkọ̀tàn ṣe ń fún un ní oyè náà láìwẹ̀yìn fi hàn pé ìwúwo iyì ẹbí ṣì ń tẹ òṣùwọ̀n ìtàn sí apá kan.

5.0 Ọ̀fun àbúrò, ohùn ẹ̀gbọ́n

Ìtàn kan wà nípa bí wọ́n ṣe ṣe Jawani Ki Hawa tí àwọn òǹkọ̀wé sinimá fẹ́ràn láti máa sọ. Ọjọ́ tí Chandraprabha fẹ́ kọrin níwájú kámẹ́rà ni ọ̀fun rẹ̀ bàjẹ́. Iṣẹ́ kò lè dúró. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá dúró sí ibi tí kámẹ́rà kò rí i, ó ń kọrin. Àbúrò ń la ẹnu bí ẹni pé òun ló ń kọ ọ́. Àwòrán jẹ́ ti ẹnì kan, ohùn jẹ́ ti ẹlòmíràn. Òǹwòran kò mọ̀.

Nítorí ìtàn yìí, àwọn kan gbà pé Jawani Ki Hawa ni orísun àṣà ohùn àyálò, èyí tó di òpómúléró sinimá Íńdíà títí di òní. Àwọn mìíràn tọ́ka sí Dhoop Chhaon, fíìmù tí Nitin Bose darí fún ilé-iṣẹ́ New Theatres ní Calcutta ní 1935 kan náà, tí R. C. Boral sì ṣe orin rẹ̀. Àríyànjiyàn náà yóò rọlẹ̀ bí a bá ya ohun méjì sọ́tọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Bombay jẹ́ ọgbọ́n àìròtẹ́lẹ̀: ohùn àti àwòrán ṣì wọ inú ẹ̀rọ ní ìṣẹ́jú kan náà, ẹni tó ń kọrin ló kàn yí padà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Calcutta jẹ́ ètò: wọ́n kọ́kọ́ gba orin sílẹ̀ lọ́tọ̀, wọ́n wá ń lù ú nígbà tí òṣèré ń ṣeré níwájú kámẹ́rà. Ti àkọ́kọ́ gba òṣèré kan là ní ọjọ́ kan. Ti èkejì yí gbogbo iṣẹ́ náà padà, nítorí pé láti ìgbà náà lọ, òṣèré kò nílò ohùn, akọrin kò sì nílò ojú.

Síbẹ̀, ìtàn ti Bombay ní ìtumọ̀ kan tí ti Calcutta kò ní. Ẹni tí wọ́n ti gba orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ẹni tó tún fi ohùn rẹ̀ pamọ́ sí ara ẹlòmíràn. Láàárín fíìmù kan ṣoṣo, Khorshed Minocher-Homji sá pamọ́ lẹ́ẹ̀mejì: lábẹ́ orúkọ Saraswati, àti lábẹ́ ètè Chandraprabha. Fíìmù tó ń bi òǹwòran pé ‘ta ló ṣe é?’ fi ìbéèrè kan náà pamọ́ sínú orin rẹ̀. Ní ti ikú inú ọkọ̀ ojú irin, òǹwòran mọ̀ pé àdììtú wà, ó sì ń retí ìdáhùn. Ní ti orin, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ìbéèrè kankan wà.

Àǹfààní wà nínú ètò tuntun yìí fún àwọn obìnrin tó fẹ́ràn orin tí ẹbí wọn kò sì fẹ́ kí wọ́n hàn lójú pátákó. Wọ́n lè wọlé, kí wọ́n kọrin, kí wọ́n gba owó, kí wọ́n sì padà sílé. Ṣùgbọ́n ohun tó dáàbò bò wọ́n náà ló pa wọ́n rẹ́. Ohùn tí kò ní ojú rọrùn láti sọ di ohùn tí kò ní orúkọ.

6.0 Láti 1935 dé 1959

Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1939, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn ará Jámánì tó wà ní Bombay Talkies sí àhámọ́. Osten padà sí ilé. Wirsching wà ní àhámọ́ ní tirẹ̀. Rai kú ní 1940. Ilé-iṣẹ́ náà ń bá a lọ láàárín ìjà àwọn tó ń du ìdarí rẹ̀. Saraswati Devi fi ibẹ̀ sílẹ̀, ó bá àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe fíìmù díẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà rẹ̀ ti kọjá. Ó kú ní 1980 láìsí ariwo púpọ̀.

Ní 1949, Bombay Talkies gbé Mahal jáde. Kamal Amrohi ló darí rẹ̀, Khemchand Prakash ló ṣe orin, Wirsching tó ti kúrò ní àhámọ́ ló sì ya àwòrán. Ọkùnrin kan dé inú ilé ńlá àtijọ́ kan, ó ń gbọ́ ohùn obìnrin tó ń kọrin, kò sì mọ̀ bóyá iwin ni tàbí ènìyàn. Ìtàn náà dé kóòtù, níbi tí wọ́n ti fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kan ọkùnrin yìí. Ní fíìmù yìí, orin kì í ṣe ohun tó dá ìtàn dúró mọ́. Orin ni àdììtú fúnra rẹ̀. Ohùn tí kò ní ojú ni gbogbo eré náà ń lé kiri. Wọ́n ní akọrin náà ń rìn bọ̀ láti ìsàlẹ̀ yàrá sí ìdí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kí orin lè dún bí ohùn tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀.

Ọmọbìnrin tí kò tíì pé ogún ọdún ni akọrin ọ̀hún. Lata Mangeshkar ni orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwo orin jáde, orúkọ tó wà lára rẹ̀ ni Kamini, orúkọ ẹ̀dá-ìtàn inú fíìmù tí Madhubala ṣe ipò rẹ̀. Àwọn tó gbọ́ orin náà lórí rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ẹni tó kọ ọ́, títí wọ́n fi ní láti wádìí orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ àwo kí wọ́n tó lè kéde rẹ̀. Ohun tí àwọn olùgbọ́ ṣe nìyí tó yàtọ̀ sí ti 1935: àwọn fúnra wọn ló di ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ìbéèrè tí kò sí ẹni tó mọ̀ pé ó wà nígbà Jawani Ki Hawa ti wá di ìbéèrè tí gbogbo ìlú ń béèrè.

Lata kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ síbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀bùn Filmfare ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ṣe orin nìkan, tí akọrin kò sì ní ipò tirẹ̀, ó kọ̀ láti kọrin níbi ayẹyẹ wọn. Ní 1959 ni wọ́n dá ẹ̀bùn sílẹ̀ fún akọrin, òun náà ló sì kọ́kọ́ gbà á, fún orin kan nínú Madhumati (1958). Madhumati fúnra rẹ̀ jẹ́ ìtàn nípa ọ̀dọ́bìnrin kan tó kú, àti bí ẹni tó jẹ̀bi ikú rẹ̀ ṣe wá jẹ́wọ́.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti fi hàn pé orin Jawani Ki Hawa kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lára ìtàn ìpànìyàn. Ó ti fi hàn pẹ̀lú pé orúkọ tó wà lára iṣẹ́ kì í ṣe ohun kékeré nínú ìtàn sinimá. Ní 1902, Gauhar Jan kígbe orúkọ rẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Ní 1935, ọmọbìnrin ilé iyì ní láti fi orúkọ rẹ̀ pamọ́ kí wọ́n tó gbà kí ó ṣiṣẹ́. Ní 1949, orúkọ ẹ̀dá-ìtàn gba ipò orúkọ ènìyàn. Ní 1959, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà pé ẹni tó kọrin yẹ ní ẹni tí à ń dá lọ́lá. Ìtàn náà kò lọ tààrà láti òkùnkùn sí ìmọ́lẹ̀, bí àwọn kan ti ń sọ ọ́. Ẹ̀rọ tuntun dé, iyì tuntun dé, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì gba nǹkan lọ́wọ́ obìnrin bó ti ń fún un ní nǹkan.

Ohun tó kù fún àwọn olùwádìí ni láti yẹra fún ìwà tí ó rọrùn jù, ìyẹn ni kí wọ́n máa pín oyè ‘àkọ́kọ́’ láìbéèrè àwọn tí oyè náà tì sẹ́yìn. Bí a bá kọ Saraswati Devi sínú ìwé ìtàn, ó yẹ kí Khorshed Minocher-Homji wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí Ishrat Sultana àti Jaddan Bai sì wà lójú ewé kan náà. Wọ́n ní orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí orúkọ tó lè dára, ó ní láti kọ́kọ́ jẹ́ ti ẹni tó ni ín.